Orin orí fóònù: Ta ló ni ín, ta ló ń gbowó bodè, ta ló sì ń kọ ìṣe wa sílẹ̀?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn. Bí kò bá fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni í bá ni mu. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ orin tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbọ́ lórí fóònù lónìí mu gan-an ni. Láyé ìgbà tí Haruna Iṣọ̀lá, Yusuf Ọlátúnjí àti Àyìnlá Ọmọwúrà ń gbé rẹ́kọ́ọ̀dù jáde, ẹni tó bá ti fowó ra rẹ́kọ́ọ̀dù, òun ló ni ín. Ó lè gbé e sórí ẹ̀rọ lọ́sàn-án, ó lè gbé e sí i lóru. Ó lè yá aládùúgbò rẹ̀, ó lè tà á, bí ọlọ́jọ́ bá sì dé, àwọn ọmọ rẹ̀ á kà á mọ́ ogún. Ẹnikẹ́ni kò ní bi í léèrè iye ìgbà tó gbọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ni ti kásẹ́ẹ̀tì rí, bẹ́ẹ̀ náà ni ti CD.

Nǹkan ti yí padà. Orin ti kúrò nínú páálí àti àpótí, ó ti bọ́ sínú fóònù. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó wà nígboro ló ti bá bàbá àti ìyá wọn tó wà lábúlé gbé áàpù orin sórí fóònù, kí àwọn òbí náà lè máa gbádùn ara wọn. Nǹkan ire ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbọ́ orin báyìí ni kò mọ̀ pé wọn kò ra orin náà, yíyá ni wọ́n ń yá a. Wọn kò mọ̀ pé ẹnìkan wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń gba tirẹ̀ nínú owó tí wọ́n ń san. Wọn kò sì mọ̀ pé ẹlòmíràn wà nídìí ẹ̀rọ tó ń kọ ohun tí wọ́n ń gbọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí ló yẹ kí a tú wò fínnífínní.

Kì í ṣe ojú ọ̀run ni wọ́n kó orin sí

"Cloud" ni àwọn òyìnbó ń pe ọ̀nà tuntun yìí, ìyẹn ìkùukùu ojú ọ̀run. Orúkọ lásán ni. Ilẹ̀ yìí náà ni nǹkan ọ̀hún wà. Kọ̀ǹpútà ni, ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà tí wọ́n tò jọ sínú ilé ńláńlá, tí wọ́n ń fi afẹ́fẹ́ tútù sí tọ̀sán-tòru kó má baà gbóná jù. Inú wọn ni orin wà. Bí ènìyàn bá tẹ orúkọ olórin kan lórí fóònù, íntánẹ́ẹ̀tì á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé orin náà bọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí omi ẹ̀rọ ṣe ń gba inú páìpù wọlé. Bí wọ́n bá ti omi pa níbi tó ti ń bọ̀, kò sí omi nílé mọ́, àfi èyí tí ẹ bá ti pọn sínú ìkòkò.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1999, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ní Amẹ́ríkà, Shawn Fanning àti Sean Parker, gbé ètò kan jáde tí wọ́n pè ní Napster. Ó jẹ́ kí àwọn ènìyàn máa pín orin láàárín ara wọn láìsan kọ́bọ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń gbé rẹ́kọ́ọ̀dù jáde gbé e lọ sílé ẹjọ́, nígbà tó sì di oṣù keje ọdún 2001, Napster ti kógbá sílé. Ní oṣù kẹrin ọdún 2003, ilé-iṣẹ́ Apple ṣí ṣọ́ọ̀bù orin tirẹ̀, iTunes, níbi tí wọ́n ti ń ta orin kọ̀ọ̀kan ní sẹ́ǹtì 99. Ẹni tó bá rà á, ó rà á nìyẹn.

Àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè Sweden méjì, Daniel Ek àti Martin Lorentzon, ni wọ́n gba ọ̀nà mìíràn yọ. Spotify tí wọ́n dá sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fún aráyé ní oṣù kẹwàá ọdún 2008. Títa orin kọ́ ni wọ́n gbé òwò wọn kà. Ohun tí wọ́n ní kí oníbàárà ṣe ni kó san owó oṣooṣù, kó sì máa gbọ́ èyíkéyìí tó bá wù ú, tàbí kó má san nǹkan kan, kó máa fara da ìpolówó ọjà láàárín orin kan sí èkejì. Ní ọdún 2011, Amazon, Google àti Apple náà tẹ̀lé ara wọn wọ inú òwò orin inú "cloud".

Àpótí yàtọ̀ sí kánópì

Ẹ̀yin òǹkàwé, oríṣi méjì ni òwò yìí, ó sì yẹ kí ẹ mọ ìyàtọ̀ wọn. Oríṣi kìíní dà bí àpótí. Ẹni tó bá ní orin tirẹ̀ á kó o fún ilé-iṣẹ́ kan pé kó bá òun tọ́jú rẹ̀, kí òun lè máa gbọ́ ọ níbikíbi. Irú èyí ni Amazon àti Google kọ́kọ́ gbé jáde lọ́dún 2011, irú rẹ̀ náà sì ni iTunes Match ti Apple, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún náà ní dọ́là 24.99 fún ọdún kan.

Oríṣi kejì dà bí ìgbà tí ènìyàn háyà kánópì àti àga fún ìnáwó. Bí ayẹyẹ bá ti parí, tí owó sì ti tán, onínǹkan á wá kó nǹkan rẹ̀. Irú èyí ni Spotify, irú rẹ̀ sì ni Apple Music tí wọ́n gbé jáde ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 2015. Ọdún mẹ́wàá lè kọjá tí ènìyàn ti ń san owó oṣooṣù, ọjọ́ tí kò bá san mọ́, kò sí orin kan ṣoṣo tó lè tọ́ka sí pé tòun ni.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ẹni tó kó orin sínú àpótí bọ́ lọ́wọ́ ewu. Google Play Music tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2011, Google fúnra rẹ̀ ti í pa ní oṣù kejìlá ọdún 2020. Ó ní kí àwọn oníbàárà kó ẹrù wọn lọ sí YouTube Music, ó sì fún wọn ní gbèdéke. Ẹni tí kò gbọ́ létí tàbí tó fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀, orin rẹ̀ bá a lọ. Microsoft ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú, nígbà tó fòpin sí títa orin lórí Groove ní ìparí ọdún 2017.

Èyí tó burú jù ni ti MySpace. Ní oṣù kẹta ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ náà jẹ́wọ́ pé nígbà tí àwọn ń kó ẹrù láti inú kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn, gbogbo orin tí àwọn ènìyàn kó síbẹ̀ láti ọdún 2003 sí 2015 ló ṣòfò. Orin tó lé ní mílíọ̀nù 50 ni wọ́n sọ pé ó lọ sí i. Ọ̀pọ̀ àwọn olórin kéékèèké tó gbára lé ibẹ̀ ni kò ní ẹ̀dà mìíràn lọ́wọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá wá ń sọ pé kí ẹ da rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ nù nítorí pé orin ti wà lórí fóònù, ẹ rántí MySpace.

Èwo ló dára nínú wọn?

Ìbéèrè yìí ni àwọn ènìyàn máa ń bèèrè jù. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ìka tó bá tọ́ símú la fi ń ro imú.

Spotify wọ Nàìjíríà ní oṣù kejì ọdún 2021. Náírà 900 lóṣù ni owó ẹnìkan nígbà náà. Ó ní apá ọ̀fẹ́ tó ní ìpolówó ọjà nínú, ó sì ní apá olówó. Ẹni tó ń san owó lè gbà tó 10,000 orin sílẹ̀ sórí fóònù kan, kó máa gbọ́ ọ láìlo dátà. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí fóònù náà rí íntánẹ́ẹ̀tì ní ẹ̀ẹ̀kan, ó kéré tán, láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, kí Spotify lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣì ń san owó. Ẹni tó wà lábúlé tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ti dára kò gbọ́dọ̀ gbàgbé èyí. Orin tí ẹ gbà sílẹ̀ náà kò ṣeé gbé lọ sórí fóònù ẹlòmíràn, kò sì ṣeé kó sórí fláàṣì láti gbọ́ nínú mọ́tò.

Apple Music kò ní apá ọ̀fẹ́ bíi ti Spotify. Ó máa ń gba ẹni tuntun láyè láti tọ́ ọ wò fún ìwọ̀nba àkókò, lẹ́yìn náà ni owó á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú àkáǹtì. Kì í ṣe oní-iPhone nìkan ló lè lò ó, láti oṣù kọkànlá ọdún 2015 ló ti wà fún fóònù Android. Ohùn orin rẹ̀ mọ́ gaara, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tan èyí tó mọ́ jù lọ nínú rẹ̀ yóò rí i bí dátà ṣe ń gbẹ.

YouTube Music jẹ́ ti Google. Ohun tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà fẹ́ràn nípa YouTube ni pé àwọn ènìyàn ti kó oríṣiríṣi orin àtijọ́ síbẹ̀ láti inú rẹ́kọ́ọ̀dù àti kásẹ́ẹ̀tì. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó kó orin síbẹ̀ ló ni orin, èyí tó bá sì jẹ́ ti olórin kan lè pòórá lọ́jọ́kọ́jọ́ tí ẹni tó ni ín bá yarí.

Boomplay bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún 2015, inú fóònù Tecno ni wọ́n sì ti máa ń bá a pàdé. Ilé-iṣẹ́ Transsion ti ilẹ̀ Ṣáínà, tó ń ṣe Tecno, Infinix àti itel, ni ó wà nídìí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ra fóònù tuntun tí wọ́n sì bá áàpù náà nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n wá a lọ. Òun náà ní apá ọ̀fẹ́ àti apá olówó.

Ní ti dátà, ìṣirò rẹ̀ kò le. Orin ìṣẹ́jú mẹ́ta tí wọ́n fún pọ̀ dáadáa, èyí tí wọ́n ń pè ní 96 kbps, kò jẹ ju MB 2 àti díẹ̀ lọ. Èyí tí ohùn rẹ̀ mọ́ sí i, ìyẹn 320 kbps, á jẹ MB 7 ó lé díẹ̀. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé GB kan lè gbé ènìyàn fún nǹkan bíi wákàtí 23 bó bá lo ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kò ní tó wákàtí 7 bó bá lo ìkejì. Fóònù olówó pọ́ọ́kú tí kò ní gbohùngbohùn gidi kò fi bẹ́ẹ̀ ní fi ìyàtọ̀ hàn, kí ẹ kàn máa sun dátà lásán. Fídíò ló sì ń jẹ dátà jù gbogbo wọn lọ.

Oníbodè tó tún ní ìsọ̀ nínú ọjà

Láyé àtijọ́, oníbodè máa ń jókòó sí ẹnubodè ìlú. Ẹni tó bá ru ẹrù bọ̀ láti ibòmíràn á san owó kó tó wọ ọjà. Bí ó bá san án tán, orí ọjà rẹ̀ ni yóò gbé e lé, ẹni tó wá rà á ló sì san owó bodè láìmọ̀.

Irú ẹnubodè yìí méjì ló wà lórí fóònù. Apple ló ń ṣọ́ ti iPhone, App Store ni orúkọ rẹ̀, ọdún 2008 ni wọ́n ṣí i. Google ló ń ṣọ́ ti fóònù Android, òun ni Google Play. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ áàpù ń gbà wọ orí fóònù. Ní oṣù kejì ọdún 2011, Apple gbé òfin jáde pé bí oníbàárà bá ti inú áàpù san owó oṣooṣù fún orin, ìwé tàbí ìròyìn, òun yóò yọ dọ́là 30 nínú ọgọ́rùn-ún dọ́là. Lọ́dún 2016, ó ní òun yóò dín in kù sí 15 fún oníbàárà tó bá ti lò ju ọdún kan lọ.

Dọ́là 9.99 ni Spotify ń gbà lóṣù ní Amẹ́ríkà nígbà náà. Bí Apple bá yọ ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún, dọ́là mẹ́ta ti lọ, bẹ́ẹ̀ olówó orin ṣì ń dúró de tirẹ̀. Nítorí náà, Spotify sọ iye rẹ̀ di dọ́là 12.99 fún ẹni tó bá san án nínú iPhone, ó sì fi í sílẹ̀ ní 9.99 fún ẹni tó bá lọ san án lórí ìkànnì Spotify gan-an. Orin kan náà, áàpù kan náà, iye méjì. Ohun tó wá mú kí ọ̀rọ̀ náà dùn wọ́n ni pé òfin Apple kò gbà kí Spotify sọ fún oníbàárà nínú áàpù pé ibì kan wà tí ó ti rọjú. Nígbà tí Apple Music sì dé lọ́dún 2015, dọ́là 9.99 ni òun ń gbà. Oníbodè ti ní ìsọ̀ tirẹ̀ nínú ọjà, kò sì sí ẹni tó ń gba owó bodè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún 2019, Spotify gbé ẹjọ́ náà lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ aláṣẹ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Ọdún márùn-ún gbáko ni wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹta ọdún 2024, ìgbìmọ̀ náà ní Apple jẹ̀bi, wọ́n sì bu owó ìtanràn tó lé ní bílíọ̀nù 1.8 yúrò lé e lórí, nítorí pé kò jẹ́ kí àwọn oníbàárà mọ ibi tí orin ti pọ́ọ́kú. Apple fárígá. Ó ní Spotify ló tóbi jù nínú òwò orin ní Yúróòpù, pé kò sì san kọ́bọ̀ fún òun lórí gbogbo iṣẹ́ tí òun ń ṣe láti gbé áàpù rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ aráyé. Ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Ní Amẹ́ríkà, Epic Games, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe eré orí kọ̀ǹpútà, ló pe Apple lẹ́jọ́ lọ́dún 2020. Adájọ́ Yvonne Gonzalez Rogers pàṣẹ lọ́dún 2021 pé kí Apple jẹ́ kí àwọn aláàpù máa júwe ibi mìíràn tí oníbàárà ti lè sanwó. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 2025, adájọ́ yìí kan náà ní Apple mọ̀ọ́mọ̀ tàpá sí àṣẹ òun ni. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, Spotify ti fi iye owó rẹ̀ àti ọ̀nà tí wọ́n ń gbà san án sínú áàpù rẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Ẹnikẹ́ni lè ní kí ló kan òun tó wà ní Ìṣẹ́yìn tàbí Ìkòròdú nínú ìjà àwọn olówó. Ó kàn án. Owó bodè yìí wà níbikíbi tí a bá ti ń gba ẹnubodè sanwó. Ẹ wo YouTube Premium: lọ́dún 2023, dọ́là 13.99 ni wọ́n ń san lóṣù lórí ìkànnì ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá san án nínú iPhone, dọ́là 18.99 ló ń san. Ẹni tí kò bá bèèrè ni yóò máa san èlé.

Fóònù Android ní àyè díẹ̀ ju iPhone lọ, nítorí pé ènìyàn lè gba áàpù láti ibòmíràn yàtọ̀ sí Google Play. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ọ̀pọ̀ áàpù tí àwọn ọmọ ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn lórí WhatsApp, tí wọ́n ní ó ń jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ Spotify olówó lọ́fẹ̀ẹ́, ayédèrú ni. Ẹni tó ṣe é lè ti fi ohun tí yóò máa jí ọ̀rọ̀ ìwọlé báńkì sínú rẹ̀. Oníbodè ń gbowó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún ń yẹ ẹrù wò kó tó wọlé.

Bí ẹ ti ń gbọ́ orin, orin ń gbọ́ yín

Rẹ́kọ́ọ̀dù kò mọ ẹni tó ń gbọ́ ọ. Áàpù orin mọ̀ ọ́n. Ó mọ orin tí ẹ gbọ́, ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ gbọ́ ọ, ibi tí ẹ ti gé e, irú fóònù tí ẹ ń lò, ó sì lè mọ àgbègbè tí ẹ wà. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi ìṣirò orin tí wọ́n gbọ́ jálẹ̀ ọdún han ara wọn ní ìparí ọdún, èyí tí Spotify ń pè ní Wrapped, ẹ̀rí nìyẹn pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni ẹnìkan ti ń ka orin náà mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá rí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè mọ ìgbà tí onílé ń sùn, ẹ̀sìn tó ń ṣe, ìgbà tí ọkàn rẹ̀ bàjẹ́. Ohun tí àwọn tó ń polówó ọjà fẹ́ mọ̀ gan-an nìyẹn, ìdí sì nìyẹn tí apá ọ̀fẹ́ kò fi jẹ́ ọ̀fẹ́ tán.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2015, Spotify yí òfin àṣírí rẹ̀ padà. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun lè wo àwòrán inú fóònù oníbàárà, orúkọ àwọn tó ń bá sọ̀rọ̀ àti ibi tó wà. Ariwo sọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, Daniel Ek ti jáde síta tọrọ àforíjì, ó ní àwọn kò ní wo ohunkóhun nínú ìwọ̀nyí láìgba àṣẹ lọ́wọ́ oníbàárà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, àjọ tó ń dáàbò bo àṣírí aráàlú ní Sweden, ìlú àbínibí Spotify, bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 58 kúrónà lé e lórí. Ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lẹ́sẹ̀ ni pé bí oníbàárà bá bèèrè ohun tí wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀, Spotify kì í ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké tó.

Àwọn oníbodè náà ti dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Láti oṣù kejìlá ọdún 2020 ni Apple ti ní kí áàpù kọ̀ọ̀kan kọ ohun tó ń gbà nípa oníbàárà síta lójú ewé rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, ó fi kún un pé áàpù gbọ́dọ̀ gba àyè lọ́wọ́ onífóònù kó tó máa tọ ipasẹ̀ rẹ̀ láti inú áàpù kan sí òmíràn. Google náà gbé irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ jáde lórí Google Play lọ́dún 2022. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé ẹni tó ṣe áàpù ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, bí olóúnjẹ tó ń sọ pé ọbẹ̀ òun dùn.

Nílé wa níbí, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lu òfin ìdáàbòbò àṣírí ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023. Òfin náà fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè ohun tí ilé-iṣẹ́ kan mọ̀ nípa wọn, kí wọ́n tún èyí tí kò tọ̀nà ṣe, kí wọ́n ní kí wọ́n pa á rẹ́, kí wọ́n sì gba àyè tí wọ́n fún wọn tẹ́lẹ̀ padà. Àjọ Nigeria Data Protection Commission ni wọ́n dá sílẹ̀ láti máa mójú tó o. Ẹ̀tọ́ tí a kò bá bèèrè fún, bí ẹni tí kò ní ín ni.

Ti àwọn olórin ńkọ́?

Spotify kéde pé owó tí orin àwọn olórin Nàìjíríà pa lórí áàpù òun lọ́dún 2024 lé ní bílíọ̀nù 58 náírà. Owó ńlá ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọwọ́ olórin ló kọ́kọ́ dé. Ẹni tó ni ẹ̀tọ́ orin ni wọ́n ń san án fún, bí ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù, kí ó tó wá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ ọ́. Láti ọdún 2024, Spotify kì í sì í sanwó lórí orin tí àwọn ènìyàn kò bá gbọ́ tó ìgbà 1,000 láàárín oṣù méjìlá. Orin ọ̀dọ́ tó gbòde kò ní wàhálà pẹ̀lú èyí. Orin àpàlà tàbí sákárà kan tí ìwọ̀nba àgbàlagbà ń gbọ́ ni ó lè má pa kọ́bọ̀.

Àwọn baba wa nínú iṣẹ́ orin ti rí irú ọ̀rọ̀ yìí rí. Lọ́dún 1969, Haruna Iṣọ̀lá àti I.K. Dairo fọwọ́sowọ́pọ̀ dá ilé-iṣẹ́ Star Records sílẹ̀, kí olórin lè ní ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù tirẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó bá di ẹnubodè mú ló ń pín èrè.

Ohun tí ẹ lè ṣe

Kò sí ẹni tó ní kí ẹ má gbọ́ orin lórí fóònù. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ pe ọmọ tó mọ̀ ọ́n lò, kí ẹ jọ jókòó ti nǹkan wọ̀nyí:

Ẹ ní kó wò ó bóyá owó ń jáde nínú àkáǹtì yín fún áàpù kankan. Yíyọ áàpù kúrò lórí fóònù kò dá owó náà dúró. Inú Google Play, App Store tàbí ìkànnì tí ẹ ti forúkọ sílẹ̀ ni ẹ ó ti fagi lé e. Bí ẹ bá gba ìtọ́wò ọ̀fẹ́, ẹ kọ ọjọ́ tí yóò parí sára kàlẹ́ńdà.

Kí ẹ tó sanwó nínú áàpù, ẹ wo iye rẹ̀ lórí ìkànnì ilé-iṣẹ́ náà.

Ẹ ní kó wọ inú Settings fóònù, kó wo ohun tí áàpù orin ń lò. Orin kò nílò orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ yín, kò nílò àwòrán yín, kò sì nílò ibi tí ẹ wà. Èyí tí kò bá nílò, kí ó pa á. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀.

Ẹ ní kó dín ohùn orin kù sí ìwọ̀n tí kò jẹ dátà. Bí apá olówó lẹ̀ ń lò, ẹ gba èyí tí ẹ fẹ́ràn sílẹ̀ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti dára, ẹ sì rántí láti tan dátà lẹ́ẹ̀kan kí ọgbọ̀n ọjọ́ tó pé.

Paríparí rẹ̀, ẹ má da rẹ́kọ́ọ̀dù, kásẹ́ẹ̀tì àti CD yín nù. Ẹ nù wọ́n, ẹ kó wọn síbi tí oòrùn kò ti ní tẹ̀ wọ́n. Ọjọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, tí dátà bá tán tàbí tí ilé-iṣẹ́ kan bá kógbá sílé, àwọn nìkan ni ẹnikẹ́ni kò lè wá gbà lọ́wọ́ yín.